Ilé Tí A Ti Ń Fi Àdúrà Jà

Mo rántí ìgbà tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé Ọlọ́run kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa, àfi bí a bá jí ní ìdájí kí a ròyìn rẹ̀ fún un. Kí ìkùukùu tó ká kúrò lórí àpáta tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìdànrè ni bàbá mi yóò ti lu agogo ọwọ́ kékeré kan, gbogbo ilé yóò sì wọ́ ẹsẹ̀ jáde sí pálọ̀ tòun ti ìpin lójú. A ó kọ orin kan, bàbá mi yóò ka Bíbélì, yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà," a ó kúnlẹ̀ sídìí àga, ìjà yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Ìjà ni mo pè é, n kò ṣì í pè. Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń kí ara wọn o, nítorí pé ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ ṣàìkúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà kò sì gbọdọ̀ ṣàìdáhùn, kí aráyé má baà sọ pé òun ló burú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn "Ẹ káàárọ̀ mà" àti "Káàárọ̀ o," ó parí. Gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n ń gbé e gbà. Ọgbọ́n sì wà níbẹ̀. Bí o bá bú ènìyàn lójú ọ̀sán, yóò bú ọ padà, àwọn aládùúgbò yóò wá là yín. Ṣùgbọ́n bí o bá di ojú, tí o wà lórí ìkúnlẹ̀, tí o ń pe Olúwa, ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu? Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí gan-an, dandan ni kó ṣe Àmín sí i.

Ìyá mi ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Yóò yin Ọlọ́run dáadáa, yóò dúpẹ́ oorun, yóò dúpẹ́ àjíǹde, ohùn rẹ̀ yóò wá rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

"Olúwa, ìwọ tí o rí ìkòkò ọbẹ̀, tí o sì rí ọwọ́ tó ṣí i lánàá, mo bẹ̀ ọ́, fún ẹni náà ní ẹ̀mí ìtẹ́lọ́rùn. Jẹ́ kó mọ̀ pé bó bá béèrè, a ó bù fún un."

"Àmín!" ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi yóò kígbe. Ohùn rẹ̀ ló máa ń ga jù, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Yóò sì dúró de àsìkò tirẹ̀, nítorí àgbà ló ń kẹ́yìn àdúrà nílé wa, ẹni tó bá sì kẹ́yìn ni kò sí ẹni tó lè fún un lésì títí di ọjọ́ kejì.

"Baba, a dúpẹ́ pé ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, wọn kì í ka ẹran inú ọbẹ̀ níbẹ̀. Ilé yìí, ilé baba mi ni, ìwọ ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tí a gbé wọlé, Olúwa, má jẹ́ kó ti onílé síta."

"Àmín, Jésù!" ni ìyá mi yóò dáhùn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wúre fún.

Bàbá mi tó yẹ kó là wọ́n ń sùn. Bàbá ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí ènìyàn ṣe ń sùn lórí ìkúnlẹ̀ láìjẹ́ kí orí rẹ̀ lu àga. Àmín rẹ̀ nìkan ni kì í sùn. Bí ohùn ẹni tó ń gbàdúrà bá ti rọlẹ̀, Àmín náà yóò fò jáde fúnra rẹ̀, òun tó ni ín yóò sì máa bá oorun rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ìgbàgbọ́ ló fà á tí kì í fi í bínú sí ẹnikẹ́ni. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò gbọ́ nǹkan kan ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí ló kọ́ mi ní àdúrà. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó dáyé, kò sì sí ọmọ kankan tó dúró fún un, ló bá kó ẹrù rẹ̀ padà sílé baba rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu mi, ó ní kí wọ́n gbé mi wá sí yàrá òun kí n má baà máa sunkún ọmú, n kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Orí ibùsùn rẹ̀ ni mo sùn títí mo fi ga jù ú lọ. Ìyá Àgbà ni mo ń pè é. Bó bá pè mí lórí ibùsùn náà, bó ṣe omi ló fẹ́ mu, bó ṣe orúnkún ló ń dùn ún, èmi ni mo ń jẹ́ "Mà." Ìyá mi kò fẹ́ràn ètò yìí rárá, ó sì ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run lójú gbogbo wa láìmọye ìgbà.

Ìyá Àgbà ní a kì í ko Ọlọ́run lójú bí ọlọ́pàá. Ó ní a ó kọ́kọ́ kí i, a ó yìn ín, a ó dúpẹ́ ti àná, a ó tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò ní dárúkọ, ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá sì ti rọ̀ tán ni a ó wá gbé ẹjọ́ ẹlòmíràn kalẹ̀. Ti ara tìrẹ ńkọ́, ohun tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́? Kò sí ìyẹn nínú ẹ̀kọ́ náà. N kò gbọ́ ọ rí kó tọrọ nǹkan kan fún ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni wọ́n ń pè jáde láti gbàdúrà òwúrọ̀ níwájú gbogbo ọmọ ilé-ìwé, torí pé ẹnu mi dùn. Ní ọjọ́ kan wọ́n jí bírò mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo yin Olúwa, mo gbàdúrà fún gómìnà, mo gbàdúrà fún àwọn tísà, mo wá ní, "Olúwa, ẹni tó mú bírò mi, ìwọ mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí, lẹ́yìn ọmọbìnrin tó fá orí. Fọwọ́ tọ́ ọkàn rẹ̀." Kí a tó jẹun ọ̀sán, bírò ti padà sínú àpò mi. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ọmọ yìí ní ẹ̀bùn, ó yẹ kí wọ́n fi mí ṣe wòlíì. Èmi náà sì gbà pé àdúrà mi ló gbà.

Báyìí ni mo ṣe dàgbà, tí mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, tí mo padà wá sílé gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ilé-ìwé aládàáni kan ládùúgbò wa. Mo ti lè gba àdúrà tó gùn tí ìrẹsì á fi jóná lórí iná. N kò mọ̀ pé n kò tíì gba ẹyọ kan rí.

Ohun tó tú àṣírí mi ni pé fóònù mi bọ́ sómi. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan wà ní Owena tó ń tún un ṣe, mo bá gun ọ̀kadà lọ. Ó tú fóònù náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, ó ní kí n padà wá lọ́la. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, ó ní kò tíì gbẹ. Fóònù yẹn kò gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí kòkó pàápàá ń gbẹ lọ́jọ́ díẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe, mo sì ń lọ. Nígbà tó máa fi dá fóònù náà padà fún mi, a ti mọ̀ pé a ó fẹ́ ara wa.

Ọmọ dáadáa ni, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í mu ọtí. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: àwọn òbí rẹ̀ wá láti Òkè-Ògùn, wọ́n sì ń bá àwọn olóko ṣe kòkó ní abúlé Atosin, wọ́n ń pín in. Ìyẹn ni pé ọmọ alágbàṣe ni. Ìwé tó kà kò pa á rẹ́, ṣọ́ọ̀bù tó ní kò pa á rẹ́. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni pẹ̀lú, kì í ṣe ìjọ tiwa, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ní ìyẹn kì í ṣe ìṣòro, Ọlọ́run lè dárí ji ẹnikẹ́ni.

Mo mú un wá kí wọn nílé. Wọ́n fún un ní omi, wọ́n bi í léèrè ìlú bàbá rẹ̀ àti ìlú ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń wo bàtà rẹ̀. Ìyá Àgbà bá rọra ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga láti kúnlẹ̀, ó ní, "Ó dáa, gbàdúrà fún wa, kí a gbọ́ ohùn rẹ."

Ọmọkùnrin náà di ojú. Ó ní, "Olúwa, ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí a rí ara wa. Ẹ bùkún ilé yìí. Lórúkọ Jésù."

Ìyá Àgbà kò tíì kúnlẹ̀ tán. Orúnkún kan ti kanlẹ̀, èkejì ṣì wà lókè. Ó la ojú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ó ti parí ni?"

"Ó ti parí, mà."

"Àbí ọkọ̀ ń dúró dè ọ́ níta ni?"

Bàbá mi, tó ti di ojú tó sì ti ń wá oorun lọ, ṣe Àmín lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí mo sìn ín jáde, mo kò ó lójú. Mo ní kí ló ṣe é, tó gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ nílé bàbá ìjọ? Ó ní òun ti kọ́ èyí tó gùn sórí láti Owena, pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n bí òun ṣe rí ojú Ìyá Àgbà báyìí, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní òun kò ní ohun tí òun fẹ́ sọ, ohun tí ẹ̀gbọ́n òun bá ti wí ni abẹ gé. Bí Ìyá Àgbà kò bá gbà, kò sí ìgbéyàwó. Àwọn òbí ọmọkùnrin náà sì ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí Òkè-Ògùn. Wọ́n ti sọ fún un pé bí àwọn ará Ìdànrè bá ń fi ọmọ wọn yangàn, àwọn ọmọbìnrin wà nílé, àwọn ti rí ọ̀kan tí àwọn fẹ́ kó wò. Ẹ̀rù bà mí dé inú egungun.

Ìyá mi wá di alágbàwí wa. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní ṣé kò sí ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n bó ti rí i pé Ìyá Àgbà kò fẹ́ ẹ, ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn lọ́wọ́ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àbẹ̀wò náà, ó bẹ Ọlọ́run kó fi ojú àánú wo "àwọn àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ rí ọkọ, nítorí pé ọkọ tiwọn kò pẹ́ láyé." Ọ̀rọ̀ yẹn burú. Mo gbọ́ bí èémí Ìyá Àgbà ṣe gùn. Síbẹ̀ ó ṣe Àmín. Nígbà tó kàn án, ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Olúwa, ìwọ tí o pa ààlà sáàárín ẹni tó ni oko àti ẹni tó ń ro ó, má jẹ́ kí ọmọ ilé yìí fi ẹsẹ̀ pa ààlà náà rẹ́."

Bàbá mi ṣe Àmín. Ìyá mi, tí àṣà ti wọ̀ lẹ́wù, ṣe Àmín kó tó rántí pé òun kò fara mọ́ ọn. Tèmi kò jáde. Mo fẹ́ ṣe é, ẹnu mi kọ̀ ọ́.

"N kò gbọ́ Àmín ẹnìkan," ni Ìyá Àgbà wí, ojú rẹ̀ ṣì dì. "Ẹ jẹ́ kí a tún un gbà."

A tún un gbà. Ààlà, oko, ẹni tó ń ro ó. Mo dákẹ́. A tún un gbà lẹ́ẹ̀kan sí i, títí bàbá mi fi jí pátápátá tó ní, "Ṣé a ò tíì parí ni?"

"Kò tíì parí," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Ọmọ rẹ ti yadi."

Mo ní ọ̀fun ló ń dùn mí. Ó ní kí n lọ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ ṣàn án. Lójoojúmọ́ ni mo ń fi omi iyọ̀ ṣan ọ̀fun tí kò ṣe nǹkan kan, ojoojúmọ́ ni àdúrà ààlà sì ń wáyé, tí ìyá mi náà ń wá ọ̀rọ̀ tó mú ju ti àná lọ. Ọ̀rọ̀ wọn kò tilẹ̀ kàn mí mọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bá. Àwọn méjèèjì ń sọ òkò, èmi ni mo ń jẹ ẹ́ lórí.

Àsìkò kòkó ni. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń gun orí àpáta ẹ̀yìnkùlé lọ, mo máa ń tú kòkó tí a sá síbẹ̀ ká kó lè gbẹ dọ́gba. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ní n ó gba àdúrà tèmi níbẹ̀, n ó fi ẹjọ́ Ìyá Àgbà sun Ọlọ́run láìsí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo di ojú, mo yìn ín, mo dúpẹ́ ti àná. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Mo sọ ohun tó wí, mo sọ bó ṣe wí i, mo tilẹ̀ sín ohùn rẹ̀ jẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí ó yẹ kí Àmín ti dún, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo la ojú. Ewúrẹ́ kan ló wà níbẹ̀, kòkó ló sì ń wò.

Ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ. Mo wá rí i pé gbogbo àdúrà tí mo ti ń gbà láti kékeré, ènìyàn ni mo ń gbà á sí. Ọlọ́run kàn jẹ́ ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni, bí ẹni tó jókòó sáàárín tọkọtaya tó ń jà nínú ọkọ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò ta bá, n kò ní ohun tí n ó sọ. Àbí kí ni mo fẹ́ sọ fún un nípa Ìyá Àgbà tí kò mọ̀? Ó ti mọ obìnrin náà kí n tó dé ayé.

Mo lé ewúrẹ́ náà lọ. Mo jókòó sórí àpáta tó gbóná bí ààrò. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù ń bà mí." Ó tán síbẹ̀. Ojú tì mí, ó kúrú ju ti ọmọkùnrin náà lọ.

Ṣùgbọ́n mo tún un sọ lọ́jọ́ kejì, lórí ọ̀kadà. Mo sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, mo sọ ọ́ níbi tí mo ti ń nu imú àwọn ọmọ ní kíláàsì. N kò di ojú, torí pé ẹni tó bá di ojú ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, ohun tó bá rí nígbà tó bá là á, kó gbà á bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ rọrùn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í le, nítorí pé nígbàkigbà tí mo bá ti ní "Mo fẹ́ ẹ," ó máa ń dà bíi pé ẹnìkan ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ gan-an. Ṣé ọmọkùnrin náà ni, àbí mo kàn fẹ́ borí Ìyá Àgbà? Ọmọ ilé wa ni mo jẹ́, mo mọ bí a ṣe ń fẹ́ràn nǹkan nítorí pé ẹnìkan kò fẹ́ ẹ. Ó gbà mí ní ọjọ́ mélòó kan kí n tó lè dáhùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń tú kòkó, mo rí i pé bí Ìyá Àgbà bá gbà lọ́la, tí ó tilẹ̀ ń jó, n ó ṣì fẹ́ ẹ. Mo sì rí i pé bí mo bá borí Ìyá Àgbà, kò ní dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ràn obìnrin náà. Èyí wá ba nǹkan jẹ́ fún mi pátápátá.

Ní ìdájí ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, a kúnlẹ̀. Ìyá mi parí tirẹ̀, èyí tó ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀run àpáàdì àti àwọn tó ń dí ọ̀nà ìgbéyàwó. Ó kàn mí. N kò ní purọ́, mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tó ní èékánná. Mo la ẹnu, ti orí àpáta ló jáde.

"Olúwa, mo fẹ́ ọmọkùnrin yìí. Ẹ̀rù ń bà mí pé n kò ní rí i fẹ́. Mo fẹ́ràn Ìyá Àgbà, n kò fẹ́ bà wọ́n nínú jẹ́. N kò mọ bí méjèèjì ṣe lè ṣeé ṣe. Ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Ẹ má rò pé mo ti di ẹni mímọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́ lójú wọn, irọ́ ni mo ń pa fún wọn àti fún Ọlọ́run. Kò sí Àmín. Wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti máa ń dáhùn sí irú rẹ̀, nítorí pé n kò bú ẹnikẹ́ni. Àmín bàbá mi nìkan ló fò jáde, ó dún gbùrù, bàbá mi fúnra rẹ̀ sì ta gìrì.

Ó kan Ìyá Àgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó ń pe Ọlọ́run ní Ọba tó ju ọba lọ, ó ń pè é ní Àpáta ayérayé. Ó dé ibi tí ààlà máa ń wà. Ó dúró. Mo gbọ́ tí ó tún Àpáta ayérayé pè, ó tún dúró. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, Yorùbá inú Bíbélì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, èdè Ìdànrè tó ń bá mi sọ nínú yàrá ló kù. N kò ní lè kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wí nìyí:

"Ọlọ́run, ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyí, èmi kọ́ ni mo sì bí i. Bó bá lọ, tí mo bá pè lóru, ta ni yóò jẹ́ mi? Fi í sílẹ̀ fún mi. Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ fún mi."

Kò sọ "lórúkọ Jésù." Ó di àga mú, ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ tó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì rí Àmín kankan ṣe. Bàbá mi ti jí. Mo sunkún débi pé mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè dárúkọ alágbàṣe mọ́ nílé wa, kò sí ẹni tó lè dárúkọ ààlà. Gbogbo wa ti gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ gan-an. Ìyá mi gbàdúrà kúkúrú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúpẹ́ oorun, ó jókòó. Ìyá Àgbà ní ti òun kò sí. Báyìí ni a ṣe wà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ilé náà tutù bí ilé àjèjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé, Ìyá Àgbà wá jókòó tì mí, ó mú lára ẹ̀wà náà, ó ń bá mi ṣà á. Kò wo ojú mi.

"Sọ fún un kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá."

"Ìyá Àgbà—"

"Kó tó wá, kó lọ kọ́ àdúrà. Mi ò fẹ́ kúnlẹ̀ lásán lẹ́ẹ̀kejì."

Wọ́n wá. Ọmọkùnrin náà gba àdúrà tó gùn, ó tilẹ̀ gbàdúrà fún gómìnà. A ṣe ìgbéyàwó, a kó lọ sí Akúrẹ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti di méjì, a bí ọmọ. Akúrẹ́ kò jìnnà sí Ìdànrè. Bí ọ̀nà bá dára, ènìyàn lè lọ kó sì bọ̀ kí oúnjẹ tó tutù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè ní Ìdànrè lóru, ohùn rẹ̀ kò dé Akúrẹ́.

Ìyá mi ló ń sùn sí yàrá Ìyá Àgbà báyìí. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é. Ó gbé ẹní rẹ̀ wọ ibẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà kò gbé e dáadáa mọ́. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ṣì ń jà níwájú Ọlọ́run láràárọ̀, èyí tí wọ́n sì ń jà lé lórí báyìí ni fèrèsé, bóyá kí ó wà ní ṣíṣí tàbí ní títì. Nígbà tí mo bá lọ kí wọn, àwọn ènìyàn tó rí i pé Ìyá Àgbà kò dá sùn máa ń sọ fún mi pé ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń dáhùn àdúrà. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni Ìyá Àgbà tọrọ. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ohun tó tọrọ. Èmi ni.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Akúrẹ́, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀rí. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń tò jáde pẹ̀lú ẹ̀rín: Ọlọ́run fún mi ní iṣẹ́, Ọlọ́run fún mi ní ilẹ̀, Ọlọ́run fún mi ní ọkọ. Mo máa ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Èmi náà ti jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì sọ ìdajì rẹ̀. Mo ṣì ń gbàdúrà, nídìí ìkòkò, nínú ọkọ̀, lórí ìlà ní báńkì, kúkúrú kúkúrú. Ṣùgbọ́n kí n tó tọrọ nǹkan, mo máa ń wò ó ná, bóyá ọwọ́ ẹnìkan ni wọn yóò ti gbà á fún mi.